Ta Ló Ṣa Àwọn Orin Inú Àwo Àṣàyàn? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé Wa ní Èkìtì

Lẹ́tà púpọ̀ ló dé bá wa lẹ́yìn tí a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní oṣù tó kọjá nípa àwo àṣàyàn, ìyẹn àwo tí wọ́n ti ṣa àwọn orin olórin kan tó gbajúmọ̀ jù lọ láti inú àwọn àwo rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, tí wọ́n sì kó wọn pọ̀ sójú kan fún títà. A yan àwọn lẹ́tà tí ìdáhùn wọn lè ṣe ẹlòmíràn náà láǹfààní. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, orúkọ ìlú nìkan ni a fi síbẹ̀, a kò dárúkọ ẹni tó kọ̀wé.

Láti Adó-Èkìtì

*Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní ìlú òyìnbó fi àwo Michael Jackson kan tí wọ́n pè ní Number Ones ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ẹni tó bá ń gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ olórin náà, àti pé orin tó gba ipò kìíní nìkan ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n tilẹ̀ ṣe ń ṣa àwọn orin wọ̀nyí?*

Ẹ máa gbọ́ àwo yín lọ, arábìnrin wa, ṣùgbọ́n ẹ yí páálí rẹ̀ padà kí ẹ sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé orúkọ tó wà níwájú àwo àṣàyàn kì í sábà sọ gbogbo òtítọ́ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Epic, tó wà lábẹ́ Sony, gbé Number Ones jáde. Orúkọ náà ń jẹ́ kí a gbà pé orin tó gba ipò kìíní nìkan ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ “Thriller” wà nínú rẹ̀, ipò kẹrin sì ni orin yẹn dé ní ọdún 1984 lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àtẹ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń to orin bí ó ti gbajúmọ̀ sí. “Earth Song” náà wà níbẹ̀. Ìyẹn gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọdún 1995, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nípò náà, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà wọn kò gbé e jáde lóun nìkan fún títà rárá, débi tí yóò fi du ipò kankan. Ipò kìíní ní ilẹ̀ wo, nígbà náà? Orúkọ àwo náà kò sọ. Ẹ tún wo “Say Say Say,” tí Michael Jackson àti Paul McCartney jọ kọ, tó jáde ní 1983: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni orin yẹn fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ẹ kò ní bá a nínú àwo yín. Ẹ ó sì bá “One More Chance” níbẹ̀, orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà náà, tí kò tíì ní ipò kankan lórí àtẹ.

Ohun tó fà á ni pé ẹni tó ń ṣa orin kì í fi àtẹ nìkan ṣiṣẹ́. Ó ní láti ro ohun tí olùrà ń retí, nítorí pé ẹni tó bá ra àṣàyàn orin Michael Jackson tí kò bá “Thriller” nínú rẹ̀ lè dá àwo náà padà fún ẹni tó tà á. Ó ní láti ro iye àyè tó wà, nítorí pé síìdì kan kò gbà ju nǹkan bí ọgọ́rin ìṣẹ́jú lọ, èyí sì ni ó fi jẹ́ pé wọ́n máa ń gé àwọn orin kan kúrú kí òmíràn lè rí àyè wọlé. Ó tún ní láti ro àwọn tó ti ní gbogbo àwo olórin náà nílé tẹ́lẹ̀, tí kò sí ìdí tí wọn yóò fi tún náwó lórí orin tí wọ́n ti ní. Nítorí àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ń fi orin tuntun kan tàbí méjì kún un. Madonna ṣe bẹ́ẹ̀ nínú The Immaculate Collection ní 1990: orin tuntun méjì ló fi síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, “Justify My Love,” sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Nínú àwo yẹn kan náà, wọ́n tún ọ̀pọ̀ lára àwọn orin àtijọ́ pò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti mọ̀ wọ́n láti inú àwo àkọ́kọ́ yóò gbọ́ ìyàtọ̀ nínú ìlù àti nínú bí ohùn ṣe tò.

Ọ̀rẹ́ yín ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ní ibì kan, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Àṣàyàn lè yí ojú olórin padà. Bob Marley kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1981. Ní 1984 ni wọ́n gbé Legend jáde, àwo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbàáyé fi mọ̀ ọ́n. Orin mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, orin ìfẹ́ àti orin ìtura sì ló pọ̀ níbẹ̀. Kò sí orin kankan níbẹ̀ láti inú Survival, àwo ọdún 1979 tí Marley fi ara rẹ̀ jin ọ̀rọ̀ òmìnira Áfíríkà, tí orin “Zimbabwe” wà nínú rẹ̀. Orin yẹn ni ó lọ kọ ní Zimbabwe ní oṣù kẹrin ọdún 1980, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira. Ẹni tó bá fi Legend nìkan mọ Marley yóò mọ̀ ọ́n ní ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, kò sì ní mọ ìdí tí àwọn ajàjàgbara fi ń kọ orin rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí orin méjì tàbí mẹ́ta nínú Number Ones tó wọ̀ yín lára jù lọ, ẹ wá odidi àwo tí wọ́n ti mú wọn jáde, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣáájú wọn àti ohun tó tẹ̀ lé wọn.

Láti Ìlawẹ̀

*Bí mo bá ti rí i pé olórin kan ti ní àwo àṣàyàn, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?*

Rárá o. Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni ẹgbẹ́ Eagles ti Amẹ́ríkà gbé àṣàyàn orin wọn jáde, oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà sì ni àwo wọn tí ń jẹ́ Hotel California tẹ̀ lé e. Orin tí ayé mọ̀ wọ́n mọ́ jù lọ, tí òun náà ń jẹ́ “Hotel California,” kò sí nínú àwo àṣàyàn náà nítorí pé wọn kò tíì gbé e jáde. Síbẹ̀, ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà fi òǹtẹ̀ lù ú pé àṣàyàn yẹn ti tà tó mílíọ̀nù 38 ní ilẹ̀ wọn, èyí tó fi ga ju Thriller, àwo Michael Jackson, lọ. Johnny Mathis, tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ẹni tí irú àwo yìí ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò tíì ju ọdún méjì lọ tí ó gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde nígbà tí àṣàyàn tirẹ̀ dé ọjà ní 1958. Ti ẹgbẹ́ Queen jáde ní 1981, Freddie Mercury, akọrin wọn, sì tún kọrin fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Àwo yẹn ló kọ́kọ́ tà kọjá mílíọ̀nù méje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, ti ABBA rí bí ẹ ti rò ó nígbà náà. Ẹgbẹ́ náà ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí ABBA Gold tó jáde ní 1992, àwo náà ni ó sì mú orin wọn dé etí àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Láti Ìjerò-Èkìtì

*Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ra síìdì kan tí wọ́n kọ “àṣàyàn orin jùjú àtijọ́” sí lára. Gbogbo orin inú rẹ̀ ni wọ́n gé. Bí olórin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú oríkì báyìí, orin mìíràn á ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí orin òyìnbó inú irú àwo bẹ́ẹ̀ fi máa ń pé, tí tiwa kì í pé?*

Ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ yìí dùn wá bí ó ti dùn yín, a ó sì fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré ni orin pọ́ọ̀pù ti òkè òkun bá dàgbà. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù oní-45, ìyẹn èyí tí ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, kì í sábà gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, nítorí náà ni olórin fi kọ́ láti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sọ ọ́, kí ó sì kádìí rẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Kíkó irú orin bẹ́ẹ̀ méjìdínlógún jọ kò nira, nítorí pé olúkúlùkù wọn ti dá dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Jùjú pàápàá ti wà bẹ́ẹ̀ rí. Irú rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré yìí ni I.K. Dáíró, tí ìdílé rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá, fi gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó kọ “Salome” ní 1962, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Original Music ní Amẹ́ríkà kó àwọn orin rẹ̀ jọ ní 1990 sínú àwo tí wọ́n pè ní Juju Master, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti mú ọ̀bẹ. Ó yẹ kí àwa ará Èkìtì máa rántí ọkùnrin yìí, nítorí pé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ó ti papò dà ní oṣù kejì ọdún 1996.

Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá gba ọjà ní àwọn ọdún 1970, ojú kan ti ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ àwọn olórin wa sì tú. Ebenezer Obey àti Sunny Adé bẹ̀rẹ̀ sí í fi odidi ojú rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe orin kan ṣoṣo tí kò dánu dúró, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lójú agbo níbi ìnáwó. Gìtá á bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, olórin á fi àdúrà ṣíde, á bọ́ sínú oríkì ẹni tó pè é sóde, á fi òwe gún ọ̀tá lára, lẹ́yìn náà ni yóò dákẹ́, kí gángan lè sọ tẹnu rẹ̀ fún àwọn oníjó. Apá kọ̀ọ̀kan ń ti ara èkejì jáde. Oríkì tí a bá yọ kúrò nínú irú orin bẹ́ẹ̀ ti pàdánù àdúrà tó gbé e dìde, ijó tí a bá sì yọ kúrò lẹ́yìn òwe kò ní ìdí tí ó fi gbóná mọ́. Ẹni tó ṣa orin inú síìdì yín fi ìwọ̀n orin oníṣẹ́jú mẹ́rin wọn orin ológún ìṣẹ́jú, bóyá nítorí kí orúkọ orin lè pọ̀ lẹ́yìn páálí, kí olùrà sì rò pé òun jẹ èrè.

Ìṣòro yìí kò mọ sí jùjú. Orin Fẹlá gùn bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba odidi ojú rẹ́kọ́ọ̀dù, tí fèrè àti dùùrù á ti lo ìṣẹ́jú púpọ̀ kí Fẹlá tó la ẹnu. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1997, wọ́n gbé àṣàyàn alápá-méjì kan jáde tí wọ́n pè ní The Best Best of Fela Kuti, wọ́n sì gé díẹ̀ nínú àwọn orin inú rẹ̀ kúrú. Mo mọ̀ pé àwo náà mú kí àwọn àjèjì púpọ̀ mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá dúró gbọ́ bí Fẹlá ti ń gbé ìlù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò tíì mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń wọni lára nígbà tí ó bá dé.

Èrò tèmi ni pé odidi ojú rẹ́kọ́ọ̀dù ni kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe àṣàyàn jùjú máa ṣà. Síìdì kan lè gba ojú mẹ́rin. Kí ó yan mẹ́rin tó dára jù lọ, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ ní pípé, kí ó sì kọ ọdún àti orúkọ àwo tí ó ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn páálí. Orúkọ mẹ́rin péré lẹ́yìn páálí kì í ṣe ohun ìtìjú. Ní tiyín, ẹ wò ó bóyá àwọn ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ yín ṣì ní rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ náà, nítorí pé nínú yẹn nìkan ni ẹ ti lè gbọ́ ohun tí síìdì yín gé dànù.

Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

*Mo ní ìsọ̀ kékeré kan tí mo ti ń ta ohun èlò fóònù, mo sì máa ń kó orin sórí káàdì fún àwọn oníbàárà. Àwọn kan fẹ́ kí n ṣe àkójọ orin olórin kan pọ̀ fún wọn. Ta ló ni irú àkójọ bẹ́ẹ̀? Ta ni owó rẹ̀ sì ń lọ bá?*

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é. Nínú orin kan tí a gbà sílẹ̀, ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí olówó wọn lè yàtọ̀. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹnì kan ronú kàn. Èkejì ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí téèpù ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ àdéhùn àtijọ́, ilé-iṣẹ́ tó sanwó ìgbohùnsílẹ̀ ló ni téèpù náà, nítorí náà ó lè gbé àṣàyàn jáde láìjẹ́ pé olórin fọwọ́ sí i, kódà lẹ́yìn tí olórin náà ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rọrùn fún ilé-iṣẹ́ náà púpọ̀, nítorí pé wọ́n ti náwó ìgbohùnsílẹ̀ tán láti ọjọ́ pípẹ́. Páálí, àtúnṣe ohùn àti ìpolówó ló kù. Ohun tí àdéhùn àtijọ́ náà bá kọ ni olórin yóò gbà, ó sì lè kéré gan-an. Èyí wà lára ohun tó mú kí àwọn olórin wa bíi Sunny Adé dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀ nígbà tí agbára wọn ká a.

Òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2022 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo ohun méjèèjì. Ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀ wà fún àádọ́ta ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, tó fi jẹ́ pé rẹ́kọ́ọ̀dù ọdún 1980 ṣì ní olówó títí di òpin ọdún 2030. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ronú kan orin náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú. Nítorí náà, àkójọ tí ẹ bá ṣe tí ẹ sì tà láìgba àṣẹ jẹ́ ayédèrú lójú òfin, bí ẹ tilẹ̀ ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́. Bí oníbàárà bá fẹ́ orin pọ̀, ẹ bá a ṣí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin tàbí tí wọ́n ti ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gba owó iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Láti Ọ̀mùò-Èkìtì

*Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí. Mo ti to orin olórin tí mo fẹ́ràn jù lọ sórí fóònù bàbá mi. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àwo àṣàyàn?*

Àṣàyàn ni, ọmọ wa, tìrẹ sì ni. Ìyàtọ̀ kan ni pé àwo tí wọ́n tẹ̀ ní ọjọ́ orí: a lè wò ó kí a mọ ohun tí àwọn ènìyàn kà sí pàtàkì nípa olórin náà ní ọdún tí ó jáde. Ti orí fóònù ń yí padà, bí ẹni tó ni orin bá sì yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Mú ìwé kan, kí o kọ orúkọ àwọn orin náà sílẹ̀ bí o ti tò wọ́n, kí o kọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde àti ìdí tí o fi yàn án.

Láti Ìkọ̀lé-Èkìtì

*Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni wá. A fẹ́ ṣe àwo àṣàyàn fún olórin ìlú wa kan tó ti di olóògbé, tí ó máa ń fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọrin. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?*

Nínú gbogbo lẹ́tà tó dé, tiyín ló mú inú wa dùn jù lọ. Ẹlẹ́mùrẹ́ Ògúnyẹmí fi hàn pé ẹ̀ka èdè wa tó kọrin, pé kò di dandan kí olórin Èkìtì sọ ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Èkó kí àwọn ènìyàn tó gbọ́ ọ. Àwọn mìíràn wà bíi tirẹ̀ tí ìlú wọn nìkan mọ̀ wọ́n, bí ẹni tó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọn bá sì ti kú tán, kò sí ẹni tí yóò lè túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ọ̀dọ̀ ẹbí olóògbé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ní kíkọ, kí ẹ sì béèrè ilé-iṣẹ́ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ẹ nílò ìyọ̀ǹda tiwọn náà bí ẹ̀tọ́ wọn kò bá tíì parí. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n ti dà kọ láti orí kásẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá lè rí ojúlówó. Ẹ rọra fi aṣọ rírọ̀ àti omi mímọ́ nu eruku rẹ̀ kúrò, láìjẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ wo bí ó ti ń yí: rẹ́kọ́ọ̀dù oní-78 àtijọ́ nílò abẹ́rẹ́ tó nípọn ju ti oní-45 àti oní-33 lọ, abẹ́rẹ́ tí kò yẹ á sì ba ojú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń gbé ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi pamọ́ ní WAV, irú fáìlì tó ń pa gbogbo ohùn mọ́, kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti MP3, èyí tó ń dín ohùn kù kí fáìlì lè kéré, nítorí pé ohun tí MP3 bá ti yọ kúrò nínú ohùn kò ṣe é dá padà.

Iṣẹ́ tó lérè jù lọ ni èyí tí a kì í gbọ́ nínú orin. Ẹ kó àwọn àgbà jọ, kí ẹ lu orin náà fún wọn, kí ẹ béèrè ẹni tó ń lu ìlù, àwọn tó ń gbè é, ẹni tí wọ́n ń kì níbẹ̀ àti ayẹyẹ tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè tí ó fi kọ ọ́ gan-an, láìyí i sí ti ìwé, kí ẹ wá fi àlàyé sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ da nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára rẹ́kọ́ọ̀dù kọ, nítorí pé òun ni a fi ń mọ ọdún tó jáde nígbà tí kò bá sí ẹni tó rántí. Ní ti ṣíṣà, ẹ má ṣe fi èyí tó gbajúmọ̀ nìkan ṣe é. Ẹ fi orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kan àti orin ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kan kún un, kí ẹ tò wọ́n ní ọdún sí ọdún, kí olùgbọ́ lè gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti ń dàgbà. Bí àwo náà bá jáde, ẹ fi ẹ̀dà kan sílé ìkàwé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, kí ẹ fún ẹbí náà ní tiwọn. Ẹ fi orúkọ olóògbé náà àti àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹ ṣì ń wá ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ wọ́n sí ojú ewé yìí ní oṣù tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ní wọn nílé lè kàn sí yín.